Àrùn Ẹ̀dọ̀ Tó Ń Sá Pamọ́ Sínú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú gbogbo wa ti rí rí.

Ká sọ pé ọkùnrin kan wà ní abúlé. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Alágbára ni. Bí wọ́n bá ń ṣe ọ̀wẹ̀, òun ló máa ń kọ ebè jù. Lọ́jọ́ kan ó ní ìhà ọ̀tún ń dun òun, lábẹ́ egungun ìhà. Wọ́n ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, kó sinmi. Lẹ́yìn oṣù kan, oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́. Ó ń rù. Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú bíi ti aboyún, ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ. Kò pé oṣù mẹ́rin, ó kú.

Kí làwọn èèyàn wí? Wọ́n ní wọ́n fún un ní nǹkan jẹ ni. Wọ́n wo ìyàwó rẹ̀. Wọ́n wo orogún ìyá rẹ̀. Wọ́n wo ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ mu sódábì lọ́jọ́ ọjà. Ìjà dé sínú ẹbí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, tún ṣe irú àìsàn yẹn, òun náà lọ. Wọ́n wá ní ilé náà ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n lé ìyàwó jáde, àwọn ọmọ kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

A kò sọ pé kò sí májèlé láyé. Ṣùgbọ́n àìsàn tí a sọ yìí ní orúkọ. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni. Ohun tó sì sábà máa ń fà á ní apá ọ̀dọ̀ wa ni kòkòrò kan tí àwọn dókítà ń pè ní epatíìtì B. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ló bù ú sínú ife. Ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń pọ̀n ọ́n. Bí ọmọ ìyá méjì bá sì kú ikú kan náà, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà kó o.

Ẹ̀dọ̀ àti sùúrù rẹ̀

Ẹni tó bá ti kun ewúrẹ́ rí mọ ẹ̀dọ̀. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀, ó kàn tóbi ju ti ewúrẹ́ lọ ni. Ti àgbàlagbà tó kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀. Apá ọ̀tún ló wà, lábẹ́ egungun ìhà. Òun ló ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ohun tí a jẹ àti ohun tí a mu. Òun ló ń ṣe òróòro. Òun ló ń tọ́jú agbára pamọ́ de ìgbà tí ebi bá dé.

Ẹ̀dọ̀ ní sùúrù. Bí apá kan rẹ̀ bá bàjẹ́, apá tó kù á máa ṣe iṣẹ́ lọ. Kì í tètè dun èèyàn. Sùúrù yìí gan-an ló ń pa wá, nítorí nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá máa fi ké, ó ti pẹ́ jù.

Kòkòrò tó ń gbé inú rẹ̀

Epatíìtì B jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fírúsì. Wọ́n kéré débi pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò ibà kò lè rí wọn. Fírúsì kò lè dá gbé. Ó ní láti wọ inú ara ẹlòmíràn kó tó lè bímọ. Eléyìí, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló yàn.

Bí ó bá mú àgbàlagbà, ó lè fún un ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tàbí kó má tilẹ̀ mọ̀. Ara rẹ̀ á bá kòkòrò náà jà, á sì lé e lọ. Nínú 100 àgbàlagbà tó bá kó o, àwọn tó máa wà lára wọn títí kò pé 5. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ńkọ́? Nínú 100 ọmọ tó bá kó o nígbà tí ìyá ń bí wọn, bíi 90 ni kò ní lè lé e lọ. Ara ọmọ kò tíì mọ ọ̀tá. Ó gbà á bí ọmọ ilé.

Ọmọ náà á dàgbà. Á sáré, á lọ sílé ìwé, á roko, á gbéyàwó. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn, ara àti kòkòrò ń jà díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, ibi tí wọ́n bá ti jà á sì di àpá. Àpá lórí àpá, ẹ̀dọ̀ á le bí awọ gbígbẹ. Lẹ́yìn 20 ọdún, 30 ọdún, 40 ọdún, jẹjẹrẹ lè hù níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló máa rí bẹ́ẹ̀. Nínú 100 àgbàlagbà tí kòkòrò yìí ti wà lára wọn pẹ́, 20 sí 30 ni ẹ̀dọ̀ wọn máa ń le tàbí kí ó ní jẹjẹrẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á lọ́dún 2022: èèyàn 254 mílíọ̀nù ló ní kòkòrò náà lára ní gbogbo ayé, àwọn tó sì pa lọ́dún kan yẹn ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri. Láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ. Láti ara ọmọdé sí ọmọdé, bí wọ́n bá jọ ń ṣeré tí egbò kan egbò. Abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún èèyàn mẹ́wàá láìsè é. Abẹ tí wọ́n fi dá abẹ́ fún ọmọ, tí wọ́n fi kọ ilà ojú, tí wọ́n fi fárí. Abẹ́rẹ́ tí oníṣègùn ojú ọ̀nà fi gún èèyàn, tó tún fi gún ẹlòmíràn. Ìbálòpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin náà. Ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sára abẹ kò fi hàn pé kòkòrò ti kú: ó lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ méje, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kì í gba inú oúnjẹ. Ẹ lè bá ẹni tó ní in jẹun nínú abọ́ kan. Ẹ lè dì mọ́ ọn. Ẹ̀fọn kì í gbé e. Ìyá tó ní in lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. A sọ èyí nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ti ya abọ́ ọkọ sọ́tọ̀ lásán.

Bí wọ́n ṣe rí i

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Baruch Blumberg, kò tilẹ̀ wá àrùn ẹ̀dọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń wá ni ìdí tí àìsàn kan fi ń mú àwọn èèyàn kan ju àwọn mìíràn lọ. Ó ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi ìlú, ó sì ń wo bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe yàtọ̀ síra.

Ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, ara rẹ̀ á ti mọ oríṣiríṣi àjèjì, á sì ti ṣe ọmọ ogun sílẹ̀ dè wọ́n. Ó mú omi ẹ̀jẹ̀ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ó gbé e kọjú sí ti àwọn ẹlòmíràn, kó rí èyí tó máa bá jà. Lọ́jọ́ kan, ìlà funfun kan hàn níbi tí omi ẹ̀jẹ̀ méjì ti pàdé. Ẹ̀jẹ̀ kejì, ti ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà kan ni. Wọ́n pe ohun àjèjì náà ní Àmì Ọsirélíà. Ọdún 1965 ni wọ́n kọ ọ́ síwèé. Ọdún 1967 ni wọ́n tó mọ̀ pé àrùn ẹ̀dọ̀ ni àmì náà bá rìn. Ẹ̀wù tí fírúsì epatíìtì B wọ̀ sọ́rùn ni. Ọdún 1976 ni wọ́n fún Blumberg ní ẹ̀bùn Nobel.

Bí wọ́n bá gún yín ní ìka lónìí nílé ìwòsàn, tí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ìgbátí pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n ní kí ẹ dúró díẹ̀, ẹ̀wù yẹn kan náà ni wọ́n ń wá. Bí ìlà kejì bá hàn, kòkòrò wà lára. Àmì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Ìṣirò ará Taiwan

Àwọn kan ṣì ń jiyàn. Wọ́n ní bóyá jẹjẹrẹ ló ń pe kòkòrò, kì í ṣe kòkòrò ló ń pe jẹjẹrẹ. Dókítà kan tó ń jẹ́ Palmer Beasley àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló parí iyàn yìí ní Taiwan. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin 22,707 nígbà tí ara gbogbo wọn ṣì le. 3,454 ní kòkòrò. 19,253 kò ní in. Wọ́n wá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ wọn lọ́dọọdún. Wọ́n kọ èsì rẹ̀ síwèé lọ́dún 1981. Títí di ìgbà náà, ọkùnrin 41 ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti pa nínú wọn.

Ẹ dúró, ẹ fi ìka ka èyí tó kàn: nínú àwọn 41 náà, 40 jẹ́ ara àwọn tó ní kòkòrò. Ẹnì kan péré ló ti ọ̀dọ̀ àwọn 19,253 wá. Kòkòrò ló sì kọ́kọ́ wà lára wọn, jẹjẹrẹ ló dé lẹ́yìn.

Ẹni tó bá rí ìṣirò yìí kò tún ní sọ pé orogún ìyá rẹ̀ ló ṣe é.

Àmì kejì: ẹ̀dọ̀ tó padà di ọmọdé

Ó dára, a ti mọ ẹni tó ní kòkòrò. Báwo la ṣe máa mọ̀ bí jẹjẹrẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kí ikùn tó wú?

Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣe èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀. AFP ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti bí ọmọ náà, èròjà yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tó bá fi máa pé bí ọdún kan, ó kù díẹ̀ kíún. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà kò ṣe é mọ́. Lọ́dún 1963, ará Rọ́ṣíà kan, Garri Abelev, rí i pé èròjà yìí padà wá sínú ẹ̀jẹ̀ eku tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Lọ́dún 1964, ará Rọ́ṣíà mìíràn, Yuri Tatarinov, rí i nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó ní irú jẹjẹrẹ kan náà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Jẹjẹrẹ jẹ́ apá ara tó ti gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ń dàgbà bí ọmọ inú oyún ṣe ń dàgbà, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Nítorí náà, àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà tí ọmọ inú oyún ń ṣe. Ó dà bí arúgbó tó padà ń rákò.

Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá, wọ́n á wò ó nílé àyẹ̀wò. Nanogram ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá pín gíráàmù kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nanogram. Nínú mílílítà kan ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, AFP kì í sábà kọjá 10. Bí ó bá di 400, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ní àpá, ìfura dókítà á pọ̀.

Ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ tan ara wa. AFP kì í ṣe babaláwo. Àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kan wà, pàápàá àwọn kékeré, tí wọn kì í ṣe é rárá. Bẹ́ẹ̀ ni aboyún ní i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìní àrùn kankan, nítorí ọmọ tó ń gbé. Ẹ̀dọ̀ tó ń wú lásán náà lè mú un gòkè. Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi dá a lò. Wọ́n á tún fi ẹ̀rọ wo ẹ̀dọ̀, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún, tí àwọn kan ń pè ní ekografí. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le yẹ kó ṣe é ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Jẹjẹrẹ tí wọ́n bá rí nígbà tó ṣì kéré, wọ́n lè gé e kúrò níbi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá wà. Èyí tó ti mú ikùn wú, agbára káká. Tí ẹnì kan bá wá sọ́jà pé òun ń ta àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń rí gbogbo jẹjẹrẹ ara, ẹ fi owó yín sápò.

Oògùn tó ń ba ìwé kòkòrò jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé ló máa tètè yé ibi tí a dé yìí.

Kòkòrò epatíìtì B ní ìwé tirẹ̀. Inú ìwé náà ni gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe kòkòrò wà. Álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ. Nígbà tó bá fẹ́ bímọ, ó ń da ìwé náà kọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìkọ́ kan lẹ́yìn, ibẹ̀ ni lẹ́tà tó kàn ti ń fà mọ́ ọn.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní tenofovir. Ó jọ ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin náà gan-an, ṣùgbọ́n kò ní ìkọ́ lẹ́yìn. Kòkòrò á rí i, á rò pé lẹ́tà òun ni, á fi sínú ìwé. Ó parí. Lẹ́tà mìíràn kò lè fà mọ́ ọn. Ìwé náà á dúró sí àárín, ọmọ kòkòrò kò sì ní lè jáde.

Antonín Holý ló ṣe é ní ìlú Prague, òun àti Erik De Clercq tó wà ní Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù sì jọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Oògùn dára. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà: bí èèyàn bá gbé e mì, kò wọ ara. Ìdí? Ara ìfun wa ní ọ̀rá nínú. Tenofovir sì jẹ́ ohun tó fẹ́ràn omi. Omi àti epo kì í pò, gbogbo ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oògùn á kàn gba ìdí jáde ni.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n wé e. Ẹ wo ẹ̀kọ tí ìyá ẹlẹ́kọ fi ewé wé. Ewé kọ́ la fẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n láìsí ewé, ẹ̀kọ kò lè délé. Àwọn tó mọ̀ nípa oògùn wé ohun kan tó fẹ́ràn ọ̀rá mọ́ tenofovir lára. Ó wá gba inú ìfun wọlé. Tenofovir disoproxil ni orúkọ èyí. Lọ́dún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa lò ó fún àrùn éèdì, lọ́dún 2008 fún epatíìtì B. Hóró kan lójúmọ́, 300 mílígíráàmù.

Àbùkù kan ṣì kù. Ewé yìí tètè já. Bí oògùn bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ báyìí, ewé ti bọ́, ó di bí ẹ̀kọ tó tú sójú ọ̀nà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á máa rìn kiri inú ẹ̀jẹ̀ láìtíì dé ẹ̀dọ̀. Kíndìnrín ló sì máa sẹ́ ẹ dànù. Èyí lè yọ kíndìnrín àwọn kan lẹ́nu, ó sì lè mú egungun wọn rọ̀ díẹ̀. Wọ́n wá ewé mìíràn tó yi. Ewé kejì yìí kì í já nínú ẹ̀jẹ̀, àfi bó bá dé inú ẹ̀dọ̀. Èròjà kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe bí ọ̀bẹ, òun ló ń tú u. Tenofovir alafenamide ni wọ́n pè é, ọdún 2016 ni wọ́n gbà á fún epatíìtì B ní Amẹ́ríkà. Nítorí pé kò ṣòfò lọ́nà, 25 mílígíráàmù ti tó lójúmọ́. Ẹ fi 25 pín 300, ẹ ó rí iye ìgbà tó fi dín. Oògùn kan náà ni o! Ewé nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Oògùn méjèèjì kì í lé kòkòrò jáde pátápátá. Kòkòrò ti fi ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ pamọ́ sí àárín gbùngbùn ẹ̀dọ̀, ọwọ́ oògùn kò tó ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń pa á lẹ́nu mọ́, àpá kò sì ní pọ̀ sí i. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tó bá dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, kòkòrò lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ní kòkòrò ló ní láti lò ó. Dókítà ló máa wo ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ kó tó sọ. Á tún wo ti éèdì kó tó fún un, nítorí ẹni tó ní àrùn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ lo tenofovir nìkan.

A tún ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dun ni. Nítorí pé oògùn kan náà ni wọ́n ń lò fún éèdì, bí aládùúgbò bá rí ike rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti dé ọjà. Àwọn kan ti torí ìtìjú ju oògùn sígbó. Ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe ọmọnìkejì yín. Ẹ fi ike rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ilé ìgbẹ̀bí

— Ẹ káàárọ̀, ìyá.

— Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Ikùn ńkọ́?

— A dúpẹ́, ìyá. Wọ́n ní kí n tún wá fún wọn lẹ́jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kí ló tún kù? Wọ́n ti wo ti ibà, wọ́n ti wo ti éèdì.

— Ti ẹ̀dọ̀ ló kù.

— Ẹ̀dọ̀ mi ò dùn mí, ìyá.

— Kì í dunni. Ṣùgbọ́n bó bá wà lára rẹ, ọjọ́ tí o bá ń bímọ ló máa kọjá sára ọmọ. Bí a bá mọ̀ ṣáájú, dókítà lè fún ọ lóògùn nínú oyún. Bí ọmọ bá sì ti délẹ̀, a ò ní jẹ́ kó pé ọjọ́ kan kó tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

— Bàbá rẹ̀ ńkọ́?

— Mú un dání wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Sọ fún un pé èmi ni mo ránṣẹ́ pè é.

Òótọ́ ni agbẹ̀bí yìí sọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára epatíìtì B àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1981. Inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní kòkòrò ni wọ́n ti yọ ẹ̀wù kòkòrò náà, wọ́n sì fọ̀ ọ́ mọ́. Láti 1986, wọn kò nílò ẹ̀jẹ̀ èèyàn mọ́. Ìwúkàrà, irú èyí tí ń mú búrẹ́dì wú, ni wọ́n kọ́ láti máa ṣe ẹ̀wù náà. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tuntun lọ́dún 1984. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nínú mílíọ̀nù kan ọmọ ọdún 6 sí 14, bíi 7 ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń mú lọ́dọọdún. Láàárín 1990 sí 1994, wọn kò pé 4 mọ́. Ní Áfíríkà wa níhìn-ín, wọ́n ti dán an wò lára ọmọdé ní Sẹ̀nẹ̀gà kí 1981 tó dé. Gáḿbíà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tuntun lọ́dún 1986. Ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà, kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀dọ̀ wọn ṣe rí nígbà tí wọ́n bá dàgbà.

Láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí ọmọ ló yẹ kó gba èyí àkọ́kọ́. Ẹni tó bímọ sílé kó má ṣe dúró de ìsọmọlórúkọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Àgbàlagbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí kò ní kòkòrò lè gbà á náà.

Èpà tó hù

Kòkòrò yìí ní ọ̀rẹ́ kan nínú àká wa. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní Ìlú Òyìnbó. Wọ́n wá ìdí títí, wọ́n rí i pé oúnjẹ tí wọ́n fi èpà ṣe ni wọ́n jẹ. Èpà náà ti hù, èéhù náà sì ní oró tí wọ́n ń pè ní aflatósìn. Oró yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Bí ó bá bá epatíìtì B lára èèyàn kan náà, ewu rẹ̀ pọ̀ ju kí ọ̀kan dá wà lọ. Àgbàdo náà lè ní i. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, àgbàdo tó hù pa èèyàn 125.

Sísè kì í pa á tán. Yíyan kì í pa á tán. Ẹ sá èpà àti àgbàdo kó gbẹ dáadáa, ẹ má ṣe sá a sórí ilẹ̀ lásán, ẹ má ṣe kó o sínú àpò nígbà tó ṣì tutù. Ẹ ṣa èyí tó hù, tó rún, tó yí àwọ̀ padà kúrò, ẹ sì dà á nù. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé àwọn kan máa ń ṣa èpà burúkú sọ́tọ̀, wọ́n á wá fi ṣe kúlíkúlí fún àwọn ọmọ.

Sódábì náà ń fi kún àpá ẹ̀dọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kòkòrò wà lára rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ pátápátá. Ti àgbo, ẹ sọ fún dókítà ohun tí ẹ ń mu. Kì í ṣe gbogbo ewé ló burú, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ kò lè gbé.

Ìbéèrè fún kíláàsì

Ìyàwó ọkùnrin àkọ́kọ́ tí a sọ ìtàn rẹ̀ ní ọmọ mẹ́ta. Àwọn wo ló yẹ kó lọ wo ẹ̀jẹ̀ nínú ilé yẹn? Ẹ dárúkọ gbogbo wọn, ẹ má ṣe gbàgbé àwọn tó ń bẹ lọ́dọ̀ àbúrò.

Ní Taiwan, ọkùnrin 3,454 ló ní kòkòrò. 40 nínú wọn ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa. Ó jẹ́ ẹnì kan nínú èèyàn mélòó?

Ta ló ń fárí, ta ló ń dá abẹ́, ta ló ń sín gbẹ́rẹ́ ní abúlé yín? Báwo ló ṣe ń ṣe abẹ rẹ̀ lẹ́yìn ẹnì kan kó tó kan ẹlòmíràn? Kí ẹnì kan nínú yín lọ bi í léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí kíláàsì tó ń bọ̀ tó pé, kó sì wá ka èsì rẹ̀ fún wa.